Kí Ni Ń Jẹ́ Ẹṣin?

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹ kọ́ irú wa títí a fi di ẹni tí wọ́n ń gbé makirofóònù fún, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àrùn tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn díẹ̀díẹ̀. N kì í ṣe dókítà, olùkọ́ èdè ni mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fà mí dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá Ìtòkú ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ta àdìrẹ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a jókòó síwájú ilé, àwọn ẹ̀gbọ́n méjì ń jiyàn lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò já sí ibì kan. Màmá dá sí i. Wọ́n ní, "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a." Ó já geere, ohùn kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan tó wà nídìí wọn béèrè pé, "Màmá, kí ló dé tí wọ́n fi ní ẹṣin ni?" Màmá wojú ọmọ náà, wọ́n wojú mi, wọ́n wá ní, "Kí ni ń jẹ́ ẹṣin?"

A rẹ́rìn-ín. A rò pé wọ́n ń fi ìbéèrè dá ọmọ náà lóhùn ni, bí àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yé mi pé wọ́n ń béèrè ni lóòótọ́. Òwe wà lẹ́nu wọn látòkè délẹ̀, ẹṣin inú rẹ̀ ni wọn kò mọ̀ mọ́.

Nílé wa, a ní orúkọ tí a máa ń fún irú nǹkan báyìí. Tó bá dé lójijì, tí ẹnu yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ní rọpárọsẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ní iyè wọn ti ń rà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ le á ní wọ́n ń ṣarán. Tí kò bá sí èyí tó bá a mu, a ní ọwọ́ ayé ni. Ti Màmá Ìtòkú kò bá ìkankan mu. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n mọ iye tó san àti iye tó kù. Wọ́n ń dá wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà, wọ́n ń dá wọ̀ ọ́ bọ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì náà lẹ máa rí wọn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń lọ.

Dókítà méjì ló kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Màmá kò tí ì pé 65 nígbà yẹn! Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ wo ara yín, ṣé 63 ti di ọjọ́ ogbó? Ẹnì kẹta, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, ló ní kí a lọ ya àwòrán inú orí wọn. Ó gbé e sókè sí iná, ó fi bírò tọ́ka sí ibi tó wà nínú ẹ̀bátí òsì. Ibẹ̀ ti súnkì bí ọsàn tó pẹ́ lórí àtẹ. Apá ọ̀tún ṣì kún ju ìyẹn lọ.

Àìsàn yìí ní orúkọ, ó gùn díẹ̀: primary progressive aphasia. PPA ni n ó máa pè é. Ní 1982, Marsel Mesulam, dókítà ọpọlọ kan l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn láti ọdún dé ọdún láìjẹ́ pé ọgbọ́n wọn yòókù bá a lọ. Òun náà ló sọ ọ́ ní PPA nígbà tó yá. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí i o. Dókítà Arnold Pick ti kọ nípa ọkùnrin ẹni ọdún 71 kan ní Prague ní 1892 tí ọ̀rọ̀ àti làákàyè rẹ̀ ń jó rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ìpalára tó dé lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí èdè nínú ọpọlọ ń wò, èyí tó ń yọ́ wọlé bí olè kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Mesulam tẹnu mọ́ ni pé fún bí ọdún méjì àkọ́kọ́, èdè ni ìṣòro tó gba iwájú. Ẹni náà ṣì lè se oúnjẹ, ó lè ṣòwò, ó lè wa ọkọ̀, ó lè bínú sí yín kó sì jàre.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù òyìnbó á rántí Bruce Willis. Ní 2022 ni ẹbí rẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ sísọ ń ni ín lára, nígbà tó di 2023 wọ́n ní àrùn frontotemporal dementia, tó ń jẹ iwájú àti ẹ̀bátí ọpọlọ, ló wà nídìí rẹ̀. Láàárín ìkéde méjèèjì yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà. Èkíní sọ ohun tí etí gbọ́. Èkejì sọ ohun tó ń jẹ ọpọlọ. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, àwọn méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo bá ara wọn rìn ní ọ̀kan sí ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti etí.

Ọ̀rọ̀ kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Dókítà ọpọlọ Maria Luisa Gorno-Tempini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ọ̀nà náà sí mẹ́ta ní 2004, ní 2011 àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì fẹnu kò lé e lórí. Ti Màmá Ìtòkú ni èyí tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń kú, tí ẹnu ṣì ń yọ̀ mọ̀ràn-ìn mọran-in. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn, ohùn gún, gbólóhùn kò wọ́. Àfi tí ẹ bá jókòó tì wọ́n tí ẹ wá ṣàkíyèsí pé gbogbo nǹkan ti di "kinní".

Mo fẹ́ dúró lórí kinní yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni èdè wa ti ń bá àrùn náà dìtẹ̀. Lórí àtẹ Màmá, aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: Olókun wà, Ìbàdàndùn wà, oníko wà, ẹlẹ́kọ wà. Orúkọ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ di "àdìrẹ". Ọdún kan lẹ́yìn náà, àdìrẹ di "aṣọ". Nígbà tó yá, aṣọ di "kinní". Bí àrùn yìí ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn: orúkọ tó ṣe pàtó ló ń kọ́kọ́ jẹ, kó tó kan orúkọ gbogbogbòò. Ìgbín á di ẹran, ẹran á di kinní. Ẹ sì wo bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. "Gbé kinní yẹn fún mi." "Kinní yìí kò dáa." "Lágbájá dà?" Gbogbo wa ló ń sọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ta ni yóò fura?

Ẹ tún wo ti orúkọ ènìyàn. Ìyàwó ilé tó mọ ohun tó ń ṣe kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Á sọ wọ́n ní Akọ̀wé, Adúmáadán, Ìbàdíàrán. Àgbà kan á pe èkejì ní Ìyá Ìbejì tàbí Bàbá Ọlọ́kọ̀. Nígbà tí Màmá ò wá pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀wọ̀ la pè é, ìyàwó àtàtà la kà wọ́n sí. Ìkíni wa tún wá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àtijọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, a dúpẹ́. Ohun tí ẹnu ti mọ̀ látìgbà èwe, bí ìkíni, àdúrà, orin, oríkì àti òwe, kì í sábà tètè lọ. Ẹni tí kò mọ ohun tí ẹṣin jẹ́ mọ́ lè kí gbogbo àlejò ìsìnkú láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n sì máa yìn ín pé ara Màmá mà le o.

Oríṣi kejì yàtọ̀ pátápátá. Ibi tó ń bàjẹ́ wà níwájú lápá òsì. Aláìsàn mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnu ni kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ń jáde bí ẹni ń yọ ẹ̀gún, àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké inú gbólóhùn á sì máa bọ́ sílẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe, bí "-ed" tó wà lẹ́yìn "walked", wà lára ohun tí àwọn dókítà ń wò, bóyá ó ń já. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kò nírù. "Lọ" ni lọ lánàá, lọ ni lọ́la. Tí ẹ bá ń retí ìrù tó já lẹ́nu Ìjẹ̀bú, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Ìrò tèmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè ni pé àwọn bíi "ń", "ti", "máa", "kò" àti "ni" ló yẹ ká tẹ́tí sí. Ẹni tó ti ń sọ pé "Mo ti ń lọ sọ́jà kí òjò tó dé" tẹ́lẹ̀, tó wá di "Mo... lọ... ọjà... òjò", ẹ má ṣe sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ohùn ńkọ́? Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín baálé ilé, mọ́tò àti ohun èlò àgbẹ̀ kò ju ohùn lọ. Ní 1973, àwọn onímọ̀ èdè Diana Van Lancker àti Victoria Fromkin dán àwọn elédè Thai wò, torí èdè Thai náà ń fi ohùn yí ìtumọ̀ padà. Wọ́n rí i pé apá òsì ọpọlọ ló ń bá àwọn ará Thai mú ohùn inú ọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá wọn mú kọ́ńsónáǹtì. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ohùn kan náà kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ohùn sọ̀rọ̀ látinú ikùn ìyá, ohùn kì í ṣe orin, lẹ́tà ni. Mo sì gbà pé nígbà tí apá òsì bá ń bàjẹ́ lọ́pọlọ Yorùbá, àmì ohùn á fara gbá a. Ìyàwó tó ní "ọkọ́ mi ti dé" nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, tí kò sì gbọ́ ohun tó sọ, kí àwọn ará ilé má kàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oríṣi kẹta, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni náà á máa dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò lè tún gbólóhùn gígùn tí ẹ sọ fún un sọ, nọ́ńbà fóònù kì í dúró sí i lórí. Ibi tó ń ṣe é wà lókè etí òsì, sẹ́yìn díẹ̀.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń wá àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń bí mi nínú jù. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù, Boston Naming Test, jẹ́ àwòrán 60 tí aláìsàn yóò dárúkọ. Ilé yìnyín àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni beaver, ẹranko odò tí kò sí nínú odò wa kankan. Tí wọ́n bá gbé ìyẹn síwájú Màmá Ìtòkú tí Màmá ní "n kò mọ̀ ọ́n", kí lẹ fẹ́ kọ sínú fáìlì? Àmì mìíràn tí wọ́n ń wá fún oríṣi tí Màmá ní ni ìwé kíkà: aláìsàn á ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kì í kà bó ṣe wà ní kíkọ, á kà á bó ṣe wà gan-an. Lójú ìwé Yorùbá, bí a ṣe kọ ọ́ la ṣe ń kà á. Àmì yẹn kò níbi tí yóò ti jáde. Kì í ṣe pé àrùn náà kò sí, èdè wa ni kò fún un láyè láti fi ojú yẹn hàn.

Ó wá ku ohun tó ń jẹ ọpọlọ.

Ẹ ti rí ilé tí ikán wọ̀. Ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀dà dúró lórí òpó, ìlẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fara ti òpó. Nínú ọpọlọ, purotéènì tó ti yí padà, tó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì tàbí láàárín sẹ́ẹ̀lì, ni ikán náà. Ọ̀kan ń jẹ́ tau, ọ̀kan ń jẹ́ amyloid, ọ̀kan ń jẹ́ TDP-43, èyí tó jẹ́ pé 2006 ni wọ́n mọ̀ pé ó wà nídìí irú àrùn báyìí. Oríṣi PPA tí Màmá ní, TDP-43 ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Èyí tí ẹnu ń wúwo, tau ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ bí kọ́kọ́rọ́, Alzheimer, àrùn tó ń mú iyè àgbà rà, ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn amyloid pẹ̀lú tau.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́: sábà, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ń sọ fún wa yàrá wo ni ikán wà. Kò sọ irú ikán tó jẹ́ dájú, kò sì sọ bóyá òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀. Maurice Ravel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ Boléro ní 1928. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ̀ pé ìlù kan náà ló ń lu ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin kan náà ni wọ́n ń tún kọ lórí rẹ̀, ohun èlò ló kàn ń pọ̀ sí i. Onídùndún wa kò ní rí nǹkan àrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú àwọn ará Paris lọ́kàn. Láàárín ọdún mélòó kan, Ravel kò lè kọ lẹ́tà láìṣì í kọ mọ́, ọ̀rọ̀ ń sá fún un, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní 1932 takisí tó wọ̀ ní jàǹbá, gbogbo rẹ̀ bá dojú rú: ṣé jàǹbá ni àbí àrùn? Dókítà Théophile Alajouanine tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1948 pé etí Ravel ṣì pé, tí ẹnì kan bá tẹ ohùn kan gbòdì lórí dùùrù, ó mọ̀. Orin tó wà nínú rẹ̀ ni kò rí gbé jáde. Dókítà oníṣẹ́-abẹ Clovis Vincent ṣí orí rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1937, Ravel kú lọ́jọ́ 28 oṣù náà. Wọn kò yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lẹ́yìn ikú, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní. Àwọn kan ní PPA ni. Àwọn kan ní corticobasal degeneration ni, àrùn tó ń mú ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan le. Àwọn kan ní àwọn méjèèjì wọnú ara wọn. Takisí náà ṣì ní àwọn tirẹ̀.

Ohun tó jọ mí lójú ni pé Boléro náà tún wọ ẹlòmíràn lára. Anne Adams, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Kánádà tó di ayàwòrán, fi ọ̀dà ya orin náà ní 1994, ìwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, tí gíga rẹ̀ ń bá ariwo orin lọ. Ní nǹkan bí 2000, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. PPA ni, oríṣi tí ẹnu ń wúwo. Ó kú ní 2007. Ní 2008 William Seeley, Bruce Miller àti ẹgbẹ́ wọn ní San Francisco tẹ àwòrán ọpọlọ rẹ̀ jáde: iwájú apá òsì ti súnkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn apá ọ̀tún, níbi tí ojú àti etí ti ń pàdé, nípọn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìtàn yìí dùn, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu rẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ń wọ̀ lára. Màmá Ìtòkú kò di nǹkan kan. Ọwọ́ wọn ṣì mọ oníko í dì, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí àwọn àrùn yìí fi ń wọnú ara wọn ni pé purotéènì kan lè ṣiṣẹ́ ibi ní ojú méjì. TDP-43 tó ń jẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n bá nínú àrùn ALS tó ń rọ iṣan ẹsẹ̀ àti ọ̀fun, ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń yẹ ọwọ́ àti ahọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́nu rẹ̀ wò. Tau tó ń mú ẹnu wúwo náà ló ń mú kí àwọn kan máa ṣubú sẹ́yìn láìrí ohun tó gbé wọn lulẹ̀, tí ojú wọn kò ní lè wo ìsàlẹ̀. Ti àgbà tó ti lé ní 80 tún yàtọ̀. Ní 2019 àwọn onímọ̀ fi orúkọ sọ àrùn TDP-43 tó ń bá ọjọ́ orí wọlé, wọ́n ní LATE, ó sì ń jọ Alzheimer débi pé wọ́n lè máa gbé inú orí kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Oògùn Alzheimer kan, lecanemab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní kíkún l'Amẹ́ríkà ní 2023, amyloid ló ń kó kúrò. Tó bá jẹ́ TDP-43 ló ń jẹ òpó, amyloid tí ẹ kó kò ní ṣe òpó náà láǹfààní púpọ̀.

Yàtọ̀ sí ikán, òjò tún wà. Láti 1986, David Snowdon, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí àrùn, tẹ̀ lé àwọn sísítà Kátólíìkì 678 l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì yọ̀ǹda ọpọlọ wọn fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ikú. Ní 1997 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé láàárín àwọn tí àmì Alzheimer wà nínú ọpọlọ wọn, àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tún ti dí nínú orí wọn ni iyè wọn rà jù nígbà ayé wọn. Ikán kan náà ni, àmọ́ ilé tí òjò ń wọ̀ ló wó. Nínú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti gbé àròkọ tí àwọn sísítà náà kọ nípa ara wọn nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ẹni ọdún 22 yẹ̀ wò. Àwọn tí èrò kò pọ̀ nínú gbólóhùn wọn nígbà yẹn ni iyè wọn sábà rà ní ọjọ́ alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máàkì àròkọ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ má lọ wá ìwé àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ jáde o.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni òjò tiwa. Ẹ̀yin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí ẹ ní in, tí ẹ ń jẹ oògùn lónìí tí ẹ ń fò ó lọ́la torí orí kò fọ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kò sẹ́ni tó tíì mọ bí a ṣe lè lé TDP-43. Ẹ̀jẹ̀ ríru, a mọ̀ ọ́n.

Ó wù mí kí ẹ mọ̀ pé ilé ni iṣẹ́ yìí wà, kì í ṣe òkè òkun nìkan. Ní Ìdíkàn n'Íbàdàn, àwọn dókítà ọpọlọ Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, bí Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ṣe ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú sọ̀rọ̀ ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ èsì jáde ní 2001: nínú àwọn 2,459 tí wọ́n tẹ̀ lé n'Íbàdàn, Alzheimer tuntun jẹ́ ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ní Indianapolis ó jẹ́ 2.52. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn. Àwọn ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní "ẹ rí i, àrùn òyìnbó ni." Wọn kò gbọ́ ìyókù: ó wà n'Ídíkàn, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní ogbó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá àgbà gbé, wọn kò fi mọ sórí ìdánwò nìkan. Irú etí ilé yẹn ni PPA nílò. Ẹ̀rọ lè fi ibi tó súnkì hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé Màmá kì í pe Olókun ní "aṣọ" ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. A sọ Màmá di ọmọ ilé-ìwé. "Màmá, kí ni èyí? Màmá, ta ni èyí?" Ẹni tó bá wọlé á béèrè tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé wọn kò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì wọ́n. Nígbà tó yá, wọn kò jáde sí àlejò mọ́. Ó yẹ ká ti dákẹ́, ká gbé nǹkan náà wá, ká fi lé wọn lọ́wọ́. Onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan tí a rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ló ní kí a ṣe ìwé àwòrán fún wọn: fọ́tò àwọn ọmọ, ti abọ́ tiwọn, ti bẹ́ẹ̀dì tiwọn, ti aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn. Fọ́tò ohun tiwọn gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. A pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, wọ́n ń tọ́ka sí nǹkan, inú wọn sì ń dùn.

Ìwà ló yí padà lẹ́yìn náà. Dòdò àti súgà nìkan ni wọ́n ń fẹ́ jẹ, wọ́n ń fi súgà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. A bá wọn jà lórí rẹ̀. Àrùn náà ló ń ràn dé iwájú orí, a kò mọ̀. Ní ọdún kẹjọ wọ́n ṣàgbákò ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kejì kò bá òkú nílé, a ti sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó yẹ ọpọlọ wọn wò. Tí ẹnì kan bá bi mí pé ikán wo ni, ohun tí mo lè sọ kò ju èyí tí wọ́n sọ nípa Ravel lọ.

Mo ní ohùn wọn lórí fóònù mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin, láti ọdún kejì àìsàn náà. Mo na àdìrẹ kan sí wọn, mo ní kí wọ́n tà á fún mi. Wọ́n ní kinní yẹn dáa, kinní rẹ̀ kì í ṣí, ẹni tó ṣe kinní náà mọ kinní. Mo ní kí wọ́n gba ẹgbẹ̀rún méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ náà, wọ́n wá ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni." Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lọ́jà ní ọjọ́ kejì. Iye rẹ̀ náà nìyẹn.